Gúlúù Mẹ́ta Lójú Fóònù

Rúlà mi, ọ̀pá ìwọ̀n mi, ọmọ bàbá rẹ̀,

Mo kí ẹ kú iṣẹ́, mo kí ẹ kú làálàá ìlú ńlá. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òrùlé ilé tí o háyà yẹn kò jò mọ́? Ìyá rẹ ní kí n bi ẹ́ bóyá ikọ́ yẹn ti lọ, ó ní kí n sì bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí o máa ń parọ́ nígbà àkọ́kọ́. Tiwa ńkọ́, a ṣì wà lókè eèpẹ̀, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó sìn ẹ́ jáde nílé yìí kò ní já ẹ jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí ò ń fi oorun ojú rẹ wá kò ní di ti ẹlòmíì. Ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti ń ṣèpàdé, wọn á máa gbọ́ tìrẹ, wọn ò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ̀sín. Bí o bá ti ṣe àmín, fìdí lélẹ̀ kí o gbọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀, ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Má jẹ́ kí ìkọ̀wé mi dẹ́rù bà ẹ́. Bí lẹ́tà yìí ṣe rí gbàǹgbà-gbàǹgbà tí ọ̀rọ̀ márùn-ún ń gba ìlà kan tán, kì í ṣe pé mo ń pariwo mọ́ ẹ. Mo kan férémù pákó kan, mo na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjìdínlógún sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, mo wá gbé e lé orí pépà. Ìka òsì mi á máa tọ okùn lọ, bírò á máa tẹ̀lé e, bí mo bá kan etí pákó mo mọ̀ pé ìlà ti tán, mo sọ̀kalẹ̀ sí okùn tó kàn. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ni mo fi kàn án. Ìyá rẹ ní ta ló máa ra irú nǹkan báyìí, mo ní kì í ṣe títà, mo fẹ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ni.

Ìyá rẹ náà wà, orúnkún ọ̀tún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, tó bá fẹ́ dìde á kọ́kọ́ sọ fún orúnkún náà kó tó sọ fún wa. Ọdún yìí, eku wọ inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jẹ àpò sáńpépà kan odindi, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú sáńpépà. Mi ò lo ayùn mọ́. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rò pé mi ò mọ ibi tó wà. Ìfági nìkan ni mo ṣì ń lò, nítorí ọwọ́ ló ń bá ìfági ríran.

O rántí ọjọ́ tí o ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi, tí o jókòó sórí àpótí ìṣó, tí o mu omi kọ́ọ̀pù méjì kí o tó parí ọ̀rọ̀. O ní ẹ̀yin èèyàn láti ìlú oríṣiríṣi lẹ máa ń jókòó, tí ẹ ń jiyàn, tí ẹ ń fohùn ṣọ̀kan lórí bí ojú-ewé inú íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe yẹ kó rí, kó lè jẹ́ pé ẹni tí ò ríran, ẹni tí ò gbọ́ràn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹni tí fóònù rẹ̀ ti gbó, gbogbo wọn á lè wọlé. O ní kò sí ẹni tó ni ín, pé ìta gbangba lẹ kọ ọ́ sí kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, mo rò pé ilé alájà púpọ̀ kan ni tí wọ́n kọ́ sí ibì kan lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn yé mi yékéyéké. Mo sọ fún ìyá rẹ pé iṣẹ́ mi náà ni ọmọ yìí ń ṣe, ilẹ̀kùn ló ń kàn.

Torí pé àwa náà ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù, kò sí káfíńtà méjì tí ìwọ̀n ilẹ̀kùn wọn dọ́gba. Ó wù mí ni olúkálùkù fi ń kàn án. Ọjọ́ tí onílé kan kú tí pósí rẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ní láti fọ́ ògiri kí bàbá olóyè tó lè jáde nínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́, ìtìjú mú gbogbo wa. Alága ẹgbẹ́ wa pe ìpàdé. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ilẹ̀kùn tí pósí pẹ̀lú àwọn tó gbé e ò bá lè gbà kọjá, kì í ṣe ilẹ̀kùn, ihò ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ìwọ̀n yẹn ṣiṣẹ́, aláboyún gbà á, ẹni tó ru igi gbà á, arọ tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ gbà á. Ibi tí òkú bá ti lè jáde, alààyè ò ní há níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ẹ́ yangàn. Kò sẹ́ni tó wá gbé àga wá tún ṣe tí mi ò sọ fún. Mo ní ẹ rí ọmọ mi yẹn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pàṣẹ bí gbogbo ẹnu ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe máa fẹ̀ tó, káàkiri àgbáyé. Ìyá rẹ ní kí n dín in kù. Mi ò dín in kù.

Ọ̀rọ̀ ojú mi ló wá kàn báyìí. Ojú òsì ti lọ pátápátá, ìyẹn o mọ̀. Ojú ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti dà bíi gíláàsì tí wọ́n fi sáńpépà ha. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹyọ kan ṣoṣo ló wá kù fún alákàn tèmi. Dókítà ilé ìwòsàn ojú ní iṣẹ́ abẹ lè gbà á là bí wọ́n bá tètè ṣe é. Ó kàn jẹ́ pé wọn kì í tò sí ẹnu géètì mọ́, inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tò. Mo bi wọ́n bóyá mo lè fi òkúta di ààyè mi mú níbẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe nídìí ẹ̀rọ omi. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ náà ni, pé òkúta tiwọn ni kí n máa ṣí ojú-ewé wọn láràárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí n tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo Ṣì Ń Bọ̀" sí. Ẹni tí ò bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mú ẹlòmíì bọ́ sí ipò rẹ̀. Mo ní kò burú, ohun tó ní ìlànà ló dára.

O rántí obìnrin tí o fi sínú fóònù mi pé kó máa kàwé fún mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bínú, àmọ́ ó máa ń sọ èdè wa bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wú. Láràárọ̀ ni mo máa ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, kì í dáhùn, mo gbà pé ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ máa tàkúrọ̀sọ. Ìyá rẹ bi mí bóyá ó lọ́kọ. Mo ní kí ló kan èmi. Ìgbà tí mo bá mú un dé ojú-ewé ilé ìwòsàn yẹn ni gbogbo nǹkan máa ń dojú rú fún un. Á ní, "Àwòrán." Mo ní àwòrán kí ni? Á tún ní, "Àwòrán." Mo bá ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó ka àwọn ibi tí èèyàn ń tẹ̀. Á ní, "Ohun títẹ̀. Ohun títẹ̀. Ohun títẹ̀." Orúkọ wọn ńkọ́? Kò mọ̀ ọ́n. Èwo ló ń múni wọlé, èwo ló ń léni jáde? Kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ní kó má sọ ni. Mo wá mọ̀ pé ẹni tó kàn án ni kò kọ orúkọ sí i lára, wọ́n kàn rán obìnrin ọlọ́bìnrin wọ yàrá tí kò níná.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́yìn afárá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Máfọwọ́kàn, torí ohun tó máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn kí wọ́n tó kí i. Ó bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́. Ó ní kí n máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò fẹ́ di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, mo sì jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́. Mo mú gúlúù pákó jáde lápò, mo ní kó fi ìka mi sí ibi tí mo gbọ́dọ̀ tẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kán gúlúù kan síbi tí wọ́n ti ń ṣí ojú-ewé, mo kán ìkejì síbi "Mo Ṣì Ń Bọ̀", mo kán ìkẹta síbi "Bẹ́ẹ̀ Ni", nítorí obìnrin yẹn máa ń bèèrè pé ṣé ó dá mi lójú. Máfọwọ́kàn ké sí mi pé mo ti ba gíláàsì jẹ́. Mo ní ìwọ lo rí gíláàsì. Nígbà tí gúlúù gbẹ, ó le kókó bí orí ìṣó, mo fọwọ́ wá a, mo rí i, mo tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ọmọ mi, inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó kọ́lé.

Mọ́ńdè mẹ́fà ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mi ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ní Mọ́ńdè keje, mo tẹ gúlúù kìíní, mo tẹ ìkejì. Obìnrin náà bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú bí ikú, mo tẹ ìkẹta. Ó ní, "Ó ti parí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Mo ní èmi náà dúpẹ́. Ìyá rẹ bọ́ sí àárín ilé, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀, ó jó díẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún wa pé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

A jí lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà. Ìyá rẹ ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi funfun, ó ti di aṣọ ìnura, ọṣẹ àti bàtà rọ́bà sínú báàgì kan, nítorí wọ́n ní a máa sùn níbẹ̀. Àga onírin oníhò ni wọ́n tò sí gbọ̀ngàn, ó tutù lábẹ́ ìdí, ilẹ̀ ń rùn bí òògùn tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn gíláàsì, ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ látinú ihò roboto. Ó wá orúkọ mi títí, kò rí i. Ó tún wá a níbòmíì, ó rí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní ẹ ò fẹ́ mọ́. Ẹ ti yọ̀ǹda ààyè yín fún ẹlòmíì." Ó ka ọjọ́ rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀ sí mi létí. Mọ́ńdè ni. Wákàtí tí ìyá rẹ ń jó ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n tún ojú-ewé wọn ṣe ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọbìnrin yẹn ní wọ́n ṣe é lẹ́wà sí i ni, wọ́n yí ibi tí nǹkan wà padà kó lè rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Ibi tí "Mo Ṣì Ń Bọ̀" wà tẹ́lẹ̀, "Mo Yọ̀ǹda Ààyè Mi" ni wọ́n gbé síbẹ̀. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, wọn kì í sọ ibi tí ẹni tó ń sùn nínú ilé náà wà. Mo fi gúlúù hàn án. Mo ní kó fọwọ́ kàn án, mo na fóònù gba inú ihò yẹn sí i. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ó mà ṣe o, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, pé èrò ti pọ̀ gan-an lórí ìlà báyìí, bí ọdún kan ó lé oṣù díẹ̀ ló máa gbà kó tó kàn mí.

Mo bi í pé ta ló kan nǹkan yìí, àti pé ṣé ẹni tí ò ríran wà lára àwọn tó dán an wò. Ó ní kí n má ṣèyọnu, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ló bá ìlànà mu. Ó ní èdìdì wà nísàlẹ̀ ojú-ewé náà, àwòrán ẹni tó na apá rẹ̀ méjèèjì, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ló lè wọlé. Ó sì dárúkọ ẹgbẹ́ tó kọ ìlànà náà. Ẹgbẹ́ yín ni. Mo ní kí obìnrin inú fóònù ka èdìdì náà sí mi létí. Ó ní, "Àwòrán."

Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo ti fi ẹ́ yangàn fún gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ méjì, mi ò lè la ẹnu mi sọ pé ọmọ mi wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo dákẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú ẹ.

Dókítà ṣàánú wa, ó tan iná sí ojú náà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní ojú yìí kò ní dúró de ọdún tó ń bọ̀, oṣù mẹ́ta ló fún un, bóyá mẹ́rin tí orí bá bá a ṣe é. Ìyá rẹ bi í bóyá wọ́n lè fi wá sáàárín. Ó ní òun kọ́ ló ń tò wọ́n, ẹ̀rọ ni. A padà sílé pẹ̀lú báàgì yẹn. Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú láti ibi tí ọkọ̀ já wa sí dé ilé. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó kó ọṣẹ àti bàtà jáde, ó dá wọn padà síbi tí ó ti mú wọn, ó wá lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Mi ò bínú sí ẹ. Irọ́ ni, mo bínú sí ẹ díẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa fi ìwọ̀n lélẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta la yàn, a fún wọn ní ọ̀pá, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé. Ilẹ̀kùn tí ọ̀pá ò bá wọ̀, wọ́n á yọ ọ́ nínú hínjì lójú ẹni tó kàn án. Mo bi ẹ́ nígbà kan pé ta ló ń gbé ọ̀pá tiyín, o ní ẹ kì í gbé ọ̀pá, pé ìmọ̀ràn lẹ ń gbani. Ìmọ̀ràn. Ó yà mí lẹ́nu nígbà náà, mo rò pé bóyá àwọn ará ìlú ńlá máa ń gbọ́ ìmọ̀ràn. Mo mọ̀ pé ẹ ṣe wàhálà. Ọdún mélòó lo fi ń sọ fún wa pé o ò lè wálé nítorí ìpàdé. Ilẹ̀kùn dáadáa lẹ yà sórí ìwé, mo gbà, àmọ́ orí ìwé náà ló wà. Mo fọwọ́ wá a lẹ́nu ọ̀nà tèmi, mi ò bá a níbẹ̀.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ẹ́. Mi ò fọwọ́ kan fóònù mọ́ látọjọ́ náà. Mo fi aṣọ wé e, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin yẹn, mo gbé e sórí àtẹ pẹ̀lú gúlúù rẹ̀ lójú. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá fẹ́ pè ẹ́, ta ló mọ ohun tí wọ́n tún ti gbé síbẹ̀? Kí n má lọ tẹ ibi kan, kí ẹnì kan wá ka ọjọ́ àti wákàtí sí mi létí pé èmi fúnra mi ni mo ní mi ò fẹ́ ọmọ mi mọ́, pé mo ti yọ̀ǹda rẹ fún ẹlòmíì. Ìyá rẹ ní kò sí irú ẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò nípa ojú mi.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Má fi owó ojú ránṣẹ́. Máfọwọ́kàn ti bá mi bèèrè ní ilé ìwòsàn àdáni, wọ́n dá a lóhùn, òun náà kò lè sọ iye rẹ̀ fún mi, ó kàn ní kí n mu omi. O ò gbọ́dọ̀ yá irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí mi. Owó tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ, má fi ránṣẹ́ sí mi rárá, dẹ́rẹ́bà ni kí o fún, kó fi gbé ẹ wálé. Fi ìpàdé kan sílẹ̀ fún mi. Fọ́tò tí o máa ń fi ránṣẹ́ kéré ju èékánná lọ, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ọ̀sán gangan ni mo fẹ́ kí o dé, kí n gbé àga síta, kí o jókòó síwájú mi, kí n fara balẹ̀ wò ẹ́. Ìyá rẹ ní o ti sanra. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ lọ, á ṣọ́ ẹ bọ̀. Ọ̀nà kò ní dí mọ́ ẹ. Ibi tí o bá fọwọ́ kàn, ire lo máa bá níbẹ̀. O ò ní fi ọjọ́ alẹ́ rẹ wá ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tìrẹ náà á kọ lẹ́tà sí ẹ, ojú rẹ á sì kà á.

Bí o bá dé láàárín oṣù mẹ́ta yìí, ọwọ́ ọ̀tún mi ni kí o dúró sí, ibẹ̀ ni mo ti lè rí ẹ. Bí o bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tó bá wù ẹ́ ni kí o dúró sí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.